Ẹ Má Ṣe Jẹ Ojú Owó

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Deuterónómì 22:6–7

 

Gbogbo ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn ilé ìsìn wọlé ní àárọ̀ yìí ni yóò ti rí igi ńlá tí àwọn lékèélékèé fi ṣe ibùgbé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń yé ẹyin, tí wọ́n sì ń pa ọmọ. Ariwo wọn a máa wọ inú ìwàásù. Ìgbẹ́ wọn ti sọ páànù òrùlé wa di funfun, gèlè ìyá kan nínú wa sì ti fara gbá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe dá a lábàá ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ pé kí a pe àwọn agégi wá, kí wọ́n wó igi náà lulẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kò tako ọ̀rọ̀ náà. Àní, ọwọ́ wa ni a fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé tí a ṣí Bíbélì, ẹsẹ méjì nínú ìwé Deuterónómì dá wa dúró. A fẹ́ kí gbogbo ìjọ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí ìgbìmọ̀ tó tún jókòó.

Òfin tí Mósè fi lélẹ̀ níbẹ̀ kò gùn. Bí ènìyàn bá ń lọ lọ́nà, tí ó ṣe kòńgẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ, ìbáà jẹ́ lórí igi, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀, tí ìyá sì sàba lé ẹyin tàbí tí ó bo àwọn ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́run kò wí pé kí ẹni tí ebi ń pa wo ẹyin kí ó kọjá lọ. Ó mọ̀ pé a óò jẹun. Ohun tí ó kọ̀ fún wa ni pé kí a jẹ èyí tí òmíràn yóò ti inú rẹ̀ jáde.

Ẹ tún wo ìlérí tí ó so mọ́ òfin náà: kí ó lè dára fún wa, kí ọjọ́ wa sì lè pẹ́. Irú ìlérí yìí kan náà ni ó so mọ́ bíbọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá nínú Òfin Mẹ́wàá. Ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún ìyá tí ó bí i lọ́mọ, àti ẹni tí ó dá ìyá tí ó wà nínú ìtẹ́ sí, ìbùkún kan náà ni a ṣèlérí fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó kéré kò kéré lójú Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nínú ọjà Karmo kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òfin yìí fún yín. Ìyá ni ojú owó, ọmọ ni èrè. Ẹni tí ó bá ń jẹ èrè lè jẹun títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó bá jẹ ojú owó, ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò yó. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àtẹ rẹ̀ yóò ṣófo. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó bá ná owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán lóòjọ́ tí ó gbà á, kò tíì sinmi tí ìyà fi dé.

Kí a lè rí bí òfin yìí ti jinlẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kí a fi Karmo sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a lọ sójú òkun, nítorí pé lára àwọn ẹyẹ òkun ni ọ̀rọ̀ ojú owó yìí ti hàn gbangba jù lọ. Àwọn àgbà wa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í yé ẹyin sí ojú ọ̀run. Ẹyẹ òkun lè wà lójú òfuurufú fún oṣù púpọ̀, kí ó máa já ẹja gbà lójú omi. Síbẹ̀, bí àkókò àti pa ọmọ bá dé, àfi kí ó wá ilẹ̀. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ilẹ̀ tí ó sì ń wá ni erékùṣù kékeré tí ó jìnnà réré, níbi tí kò sí èkúté, tí kò sí ológbò, tí kò sí ajá. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ṣe ń há ara wọn mọ́ orí àpáta kan ṣoṣo.

Adìẹ ilé wa a máa yé ẹyin mẹ́wàá kí ó tó sàba. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tí ikùn rẹ̀ funfun, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sooty tern. Ẹyin kan ṣoṣo ni òun ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí ilẹ̀ gbalasa ni ó sì ń yé e sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ rẹ̀ yóò lò lójú òkun kí òun náà tó padà wá bímọ. Ó lè lo ọgbọ̀n ọdún láyé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá pa ìyá kan lórí ẹyin kò pa ẹyẹ kan. Ó jẹ ojú owó ọdún púpọ̀.

Láàárín òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ó tó 1,600 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà, erékùṣù kan wà tí ń jẹ́ Ascension. Ní ọdún 1815, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Napoleon sí àhámọ́ ní Saint Helena, wọ́n fi àwọn ọmọ ogun ojú omi sí Ascension, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ wá gbà á sílẹ̀. Èkúté pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kó ológbò wá láti pa èkúté. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ológbò rí i pé ẹyẹ tí ó jókòó lórí ẹyin rọrùn láti pa ju èkúté tí ń sá wọ ihò lọ. Àwọn ológbò náà di ẹranko ìgbẹ́, wọ́n ń bí sí i, ẹyẹ sì ń dín kù. Nígbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ẹyẹ òkun tí ń yé lórí erékùṣù ńlá náà kò yé níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó kù wà lórí àpáta kékeré kan lẹ́bàá etíkun rẹ̀, tí à ń pè ní Boatswainbird, níbi tí ológbò kò lè dé. Lára wọn ni frigatebird ti Ascension, ẹyẹ tí kì í pa ọmọ níbòmíràn ní gbogbo ayé. Gbogbo ojú owó ìran kan wá wà lórí àpáta kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni a ti rí ìhìn rere. Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní Britain, tí à ń pè ní RSPB, àti àwọn aláṣẹ erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ológbò ìgbẹ́ kúrò. Ní ọdún 2004 ni wọ́n rí èyí tí ó kẹ́yìn. Wọn kò sáré yọ̀. Ọdún méjì ni wọ́n tún fi ń ṣọ́ ilẹ̀, kí wọ́n tó kéde ní ọdún 2006 pé ó tán. Nígbà tí ó di ọdún 2012, frigatebird tún kọ́ ìtẹ́ sórí erékùṣù ńlá náà, lẹ́yìn ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ohun tí ènìyàn bà jẹ́, ènìyàn lè ronú pìwà dà lórí rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí kò bá sí ìyá kankan tí ó kù lórí àpáta kékeré náà, ta ni ìbá padà wá? Ìrònúpìwàdà àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ìbá ti pẹ́ jù. Nítorí ìyókù tí ó ṣẹ́ kù ni ìmúpadàbọ̀sípò ṣe ṣeé ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Ascension jìnnà, ẹ wo ẹnu ọ̀nà wa. Lẹ́yìn Fernando Po tí a ń pè ní Bioko lónìí, tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, ni erékùṣù Príncipe wà. Ní ìwọ̀n ogún kìlómítà àti díẹ̀ sí Príncipe, àpáta méjì yọrí láti inú òkun: Tinhosa Grande àti Tinhosa Pequena. Gbogbo ilẹ̀ tí a kà mọ́ wọn kò ju hẹ́kítà 23 lọ. Ènìyàn kì í gbé ibẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òkun ti ń pa ọmọ jù lọ ní apá òkun tiwa yìí. Àwọn sooty tern nìkan ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2006, ìjọba ibẹ̀ fi àpáta méjèèjì sábẹ́ àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1971 láti pa ibùgbé àwọn ẹyẹ omi mọ́. Nàìjíríà náà wà nínú àdéhùn yìí. Ní ọdún 2012, UNESCO tún ka Príncipe àti àwọn àpáta rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí aráyé pa mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò lè dìde dúró lórí àpáta láti ṣọ́ ẹyẹ. Àwọn apẹja a máa gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọn a sì máa kó ẹyin àti ọmọ ẹyẹ. Ṣé kí a bú wọn? Rárá o. Ẹni tí ó ti ilé wá kò mọ bí ebi ti ń pa ẹni tí ó wà lójú omi láti àná. Ṣùgbọ́n apẹja kan náà yìí mọ ohun kan tí àwa kò mọ̀. Ẹja ńlá tí à ń pè ní túnà a máa lé ẹja wẹ́wẹ́ wá sókè omi, àwọn ẹyẹ òkun a sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹyẹ tí ń rà bàbà lójú ọ̀run ni ó ń fi ibi tí ẹja wà han apẹja. Bí ó bá jẹ ẹyẹ náà tán lórí àpáta, ta ni yóò máa tọ́ka ẹja fún ọmọ rẹ̀ lọ́la? Òfin Mósè kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí ebi ń pa. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni òfin náà ń bá a pa mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sábẹ́ igi wa. Lékèélékèé kì í ṣe ẹyẹ òkun, kò sì ṣọ̀wọ́n. Ẹyin rẹ̀ a máa ju ẹyọ kan lọ. A kò ní purọ́ pé ìran rẹ̀ yóò parun bí a bá wó igi kan ní Karmo. Ṣùgbọ́n bí a bá wó o ní àkókò yìí, ìyá àti ọmọ ni a óò mú pọ̀, ohun tí Ọlọ́run sì kọ̀ nìyẹn gan-an. Àwa tí a ń ka òfin náà sétí àwọn ọmọ wa ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ṣé lójú wọn ni a óò ti rú u?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a fẹ́ gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ ni èyí: kí a ní sùúrù títí àwọn ọmọ ẹyẹ yóò fi fò. Nígbà náà, kí a gé kìkì ẹ̀ka tí ó na orí òrùlé, kí a sì dá igi náà sí. Títí di ìgbà náà, kí àwọn ọ̀dọ́ máa fọ páànù ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ìyá wa sì máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ẹyin nìyẹn, òfin fún wa láyè láti mú un. Ìyá ni kí a jẹ́ kí ó lọ.

Àtìpó ni àwa náà níhìn-ín. Orí ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni a ti wá kọ́ ìtẹ́ tiwa. Kò sí ẹni tí ó wó igi lé wa lórí nígbà tí àwọn ọmọ wa kò tíì ní ìyẹ́. Oore tí a rí gbà, ẹ jẹ́ kí a ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, Ìwọ tí ológoṣẹ́ kan kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ, kọ́ wa láti jẹ èrè, kí o sì pa ọwọ́ wa mọ́ kúrò lórí ojú owó. Dáàbò bo ohun tí ó kù lórí àwọn àpáta inú òkun, àti ohun tí ó kù nínú ilé wa. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.