Ta Ni Yóò Kí Olùkọ́ Ní Pẹ̀lẹ́?

Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ òkúta lójú wa, "pẹ̀lẹ́" ló máa ń bọ́ lẹ́nu wa. Kì í ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà gbé ìwà yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, a ní "sorry". Létí ará Lọ́ńdọ̀nù, ó lè dún bí ìgbà tí a gbà pé àwa la jẹ̀bi. Èmi tí mo ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, iṣẹ́ mi ni láti ṣàlàyé ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé "My father, they are calling you". Bàbá kan ṣoṣo ló ń pe ni. "Wọ́n" ti ọ̀wọ̀ ló di "they". Mo fi bíró pupa fa igi sí i. Mo délé, mo sọ ohun kan náà fún ọmọ mi.

Ní 1989, Carol Ryff, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, to nǹkan mẹ́fà tí àlàáfíà ọkàn dúró lé. Ọ̀kan nínú wọn ni kí ènìyàn gba ara rẹ̀ bó ṣe rí. Èmi wo ni kí n wá gbà: èyí tó ń fa igi ni, àbí èyí tí a fa igi sí?

Àwọn kan ní owó ni gbogbo ohun tí àlàáfíà ọkàn olùkọ́ dúró lé. Wọn ò parọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní 2022, láti 14 Oṣù Kejì títí di 14 Oṣù Kẹwàá, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba yanṣẹ́ lódì, ìjọba sì dá owó-oṣù dúró. Ojú wa rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ebi ni owó lè dá lóhùn, kò lè dá ìbéèrè mi lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ. Mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù máàkì ìwé ìdánwò kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé, ó wo òkìtì ìwé náà, ó wo ojú mi.

"Sorry, ma."

Kò ṣẹ̀ mí. Pẹ̀lẹ́ kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó ń dùn ló ń wò. Bíró pupa wà lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ibi tí màá fà á sí.

"O ṣé, ọmọ mi," ni mo fi dá a lóhùn.