Ẹni Tó Jẹ Èèwọ̀ Láìmọ̀

Jíjẹ èèwọ̀ láìmọ̀ jẹ́ ọ̀ràn tí gbogbo ẹ̀sìn tó ní òfin oúnjẹ gbọ́dọ̀ dá. Ẹnì kan ti gbà, nítorí Ọlọ́run, nítorí òrìṣà tàbí nítorí ìdílé rẹ̀, pé òun kì í jẹ ohun kan. Ó yà sí bùkà, wọ́n bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹun tán, ó ṣanwọ́, lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ pé ohun tí òun kì í jẹ wà nínú ọbẹ̀ náà. Ṣé ẹni náà ti dẹ́ṣẹ̀? Bí kò bá dẹ́ṣẹ̀, kí ló fa ìdààmú tó bá a? Bí ó bá sì dẹ́ṣẹ̀, báwo ni ẹni tí kò mọ̀ ì bá ti yẹra fún un? Ìdáhùn tí ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè yìí ń fi hàn bóyá nínú ohun tó wọ ẹnu ló gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wà, tàbí nínú ọkàn ẹni tó jẹ ẹ́.

Irú àṣìṣe báyìí wọ́pọ̀, nítorí púpọ̀ nínú èròjà oúnjẹ kì í fojú hàn. Edé lílọ̀ máa ń wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, nínú móínmóín àti nínú ọbẹ̀ ilá, ojú kò sì lè yà á sọ́tọ̀. Òróró tí wọ́n fi dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n tún fi dín dòdò lọ́sàn-án. Awọ àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe gelatin, èyí tó máa ń wà nínú àwọn mindinmíndìn kan tó ń fà lẹ́nu. Ọtí líle máa ń wà nínú kéèkì ìgbéyàwó. Nínú ilé pàápàá, ọmọdé lè fi ìpọnbẹ̀ ìkòkò kan ro òmíràn, ẹni tó ń kánjú sì lè bu iyọ̀ sínú oúnjẹ tí kò yẹ kí iyọ̀ kàn. Ẹni tó sè é kò gbèrò ibi, ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì gbèrò láti rú òfin.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, èèwọ̀ gbogbo ènìyàn kì í dọ́gba. Ìdílé ní tirẹ̀, olórìṣà ní tirẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè ní èyí tí Ifá kà fún un nígbà tí wọ́n dá àkọsẹ̀jayé rẹ̀. Àwọn tó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, àtẹ́ sì ni wọ́n ń se oúnjẹ òrìṣà náà. Àdín kò gbọdọ̀ kan Èṣù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ré kọjá òkun gbé ètò yìí dání lọ: ní ilé òrìṣà àwọn ará Bràsíìlì, wọ́n ṣì ń sọ ewó, ìyẹn èèwọ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan fún un, bẹ́ẹ̀ ni ní Kúbà, níbi ìtá tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú òrìṣà, wọ́n máa ń ka ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ fún un.

Nínú ètò yìí, agbára èèwọ̀ kì í dúró de ìmọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìtàn Ọbàtálá fi èyí hàn kedere. Wọ́n ní Olódùmarè rán an láti wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn mìíràn ní ìgbà tó ń mọ ènìyàn ló mu ún, tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì lára àwọn kan, ìdí nìyẹn tó fi kọ ẹmu sílẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òùngbẹ ló gbẹ ẹ́, kò pinnu láti ba iṣẹ́ jẹ́, síbẹ̀ ohun tó mu kò ṣaláì ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wo ẹni tó jẹ èèwọ̀ láìmọ̀. Ó lè tọ babaláwo lọ kí wọ́n bi Ifá léèrè ètùtù tó yẹ, nítorí wọ́n gbà pé nǹkan kan ti yẹ̀ láàárín òun àti orí rẹ̀ tàbí òrìṣà rẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n ń wá, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀daràn. Ẹni tí àwọn àgbà kì í fojú ire wò ni ẹni tó mọ èèwọ̀ ọmọnìkejì rẹ̀, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ sè é fún un jẹ.

Òfin Mósè sún mọ́ èyí. Ìwé Léfítíkù orí 11 ya ẹran tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò mọ́: ẹlẹ́dẹ̀ la pátákò ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ, nítorí náà kò mọ́, ohun inú omi tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ kò mọ́. Orí 4 àti 5 nínú ìwé kan náà wá dá ọ̀ràn ẹni tó rú àṣẹ Olúwa láìmọ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà bá hàn sí i, yóò mú ẹran ẹbọ wá, àlùfáà yóò ṣe ètùtù fún un, a ó sì dárí jì í. Àìmọ̀ mú kí ó rí ìdáríjì gbà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, tí ibi ìrúbọ kò sí mọ́, àwọn rábì ń bá a lọ láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò títí kan àṣìṣe tó kéré jù lọ nínú ilé ìdáná. Àwọn Júù tó ń pa òfin mọ́ kì í se ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Bí ẹ̀kán wàrà bá wá ta sínú ìkòkò ẹran ńkọ́? Rábì Joseph Karo kọ ìdáhùn tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé tipẹ́ sínú ìwé òfin rẹ̀, Shulchan Aruch, tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní 1565: bí ohun tó wà nínú ìkòkò bá tó ìlọ́po 60 wàrà náà, wàrà ti pòórá sínú rẹ̀, oúnjẹ náà sì ṣeé jẹ. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da wàrà díẹ̀ sínú ẹran kí ó wá fi ìṣirò yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò kan náà ni, ìwọ̀n wàrà kan náà ni, èrò ọkàn ẹni tó wà nídìí iná nìkan ló yàtọ̀, òun ló sì yí ìdájọ́ padà.

Ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Ìhìn Rere Máàkù orí 7, Jésù kọ́ni pé ohun tó ti òde wọ inú ènìyàn kò lè sọ ọ́ di aláìmọ́, pé ohun tó ń ti inú ọkàn jáde ni kí a bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ló bá ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹun lóde wí ní kíkún. Ní ìlú Kọ́ríńtì ìgbà náà, ẹran tí wọ́n ti fi rúbọ nínú tẹ́ḿpìlì òrìṣà máa ń dé ọjà, ẹni tó ń rà á kò sì lè mọ ibi tó ti wá. Nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 10, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n ra ohun tó wà lọ́jà, kí wọ́n sì jẹ ohun tí ẹni tó pè wọ́n wá jẹun bá gbé síwájú wọn, láìwádìí. Bí ẹnì kan bá wá là á fún wọn pé ẹran ẹbọ ni, kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí ẹ̀rí-ọkàn ẹni tó sọ ọ́. Ẹran náà kò yí padà láàárín ìgbà tí wọn kò mọ̀ àti ìgbà tí wọ́n mọ̀. Ojúṣe wọn sí ọmọnìkejì ló yí padà. Nínú ìwé sí àwọn ará Róòmù, orí 14, ó tún fi kún un pé ẹni tó bá ń ṣiyèméjì tó sì jẹ ẹ́ ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè ṣẹ̀ nídìí oúnjẹ tí kò ní ẹ̀bi kankan nínú, bí ó bá jẹ ẹ́ lòdì sí ohun tí ọkàn rẹ̀ gbà.

Gbogbo ìjọ kọ́ ló gbà pé òfin oúnjẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863, ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà Léfítíkù, nítorí náà edé àti ẹja àrọ̀ tí kò ní ìpẹ́ kò sí nínú oúnjẹ wọn. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilehou Joseph Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tónófò ní 1947, fi òfin de ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí. Fún irú àwọn ọmọ ìjọ bẹ́ẹ̀, móínmóín tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà lè di ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn.

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àníyàn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Súrà kejì nínú Àlùkùráánì, áyà 173, ka òkú ńbete, ẹ̀jẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ohun tí wọ́n pa fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́run mọ́ ohun èèwọ̀, lójú kan náà ló sì sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí ìnira mú kó jẹ ẹ́ láìfẹ́ àti láìkọjá ààlà. Súrà 33, áyà 5, sọ pé kò sí ẹ̀bi nínú ohun tí ènìyàn ṣàṣìṣe nínú rẹ̀, àfi ohun tí ọkàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Abú Hùráírà gbà wá sọ pé kí ẹni tó gbàgbé tó jẹun lẹ́nu ààwẹ̀ parí ààwẹ̀ rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ló fún un ní oúnjẹ àti omi. Àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé ẹni náà kò jẹ̀bi, àmọ́ ẹnu wọn kò kò lórí ohun tó kù fún un láti ṣe. Ní ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀ láti ìgbà pípẹ́, bí ó bá jẹ́ ààwẹ̀ Ràmàdáànì, yóò parí ti ọjọ́ náà, yóò sì tún san án padà, ṣùgbọ́n kò ní san ìtánràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́.

Ìtàn méjì nínú àkójọ hádíìsì Bùkhárì fi ìhà méjèèjì ọ̀ràn náà hàn. Nínú èyí tí Áíṣà, aya Ànábì, gbà wá, àwọn kan sọ fún Ànábì pé àwọn ènìyàn ń gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Ó ní kí wọ́n fúnra wọn pe orúkọ Ọlọ́run, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Ìfura nìkan kò tó láti fi kọ oúnjẹ. Nínú èkejì, ọmọ ọ̀dọ̀ Abúbákàr, ọ̀rẹ́ Ànábì, gbé oúnjẹ wá fún ọ̀gá rẹ̀, ó jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ náà sọ pé èrè iṣẹ́ awo tí òun fi tan ẹnì kan jẹ nígbà àìmọ̀kan, ṣáájú Ìsìláàmù, ni. Abúbákàr ti ọwọ́ bọ ọ̀fun, ó sì bi gbogbo rẹ̀ jáde. Kò sí òfin tó dá a lẹ́bi nígbà tó ń jẹun. Ìfẹ́ tó ní sí ìwà mímọ́ ni kò jẹ́ kí ó fi ohun náà sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ̀.

Bí a bá gbé àwọn ìdáhùn wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun mẹ́ta ló yọ tí kò yẹ kí wọ́n dà pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bi: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka ẹni tí kò mọ̀ sí ẹgbẹ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èkejì ni ohun tí jíjẹ náà fi sílẹ̀. Ètùtù babaláwo, ẹran ẹbọ inú Léfítíkù àti ààwẹ̀ tí wọ́n ń san padà jọ gbà pé ènìyàn lè wà láìjẹ̀bi kí ó sì tún ní nǹkan láti tún ṣe. Èyí ló ṣàlàyé ìdààmú ẹni tó jẹ èèwọ̀ láìmọ̀: májẹ̀mú tó ṣe iyebíye fún un ni nǹkan kàn, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí pé ó fẹ́ràn májẹ̀mú náà. Ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹran lásán ni kò mọ ohun tí ó ń fọwọ́ kàn. Ẹ̀kẹta ni ojúṣe, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ìmọ̀ bá dé. Ẹni tó gbọ́ tó sì ń jẹ ẹ́ lọ kò lè fi àìmọ̀ ìṣáájú bojú mọ́.

Níbi tí ẹ̀bi bá sì ti kúrò lórí ẹni tó jẹun, ó lè wà lọ́rùn ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹni tó ń jẹun ní bùkà tàbí níbi àríyá ti fi ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ lé olóúnjẹ lọ́wọ́, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń se é. Olóúnjẹ tó bá sọ pé edé wà nínú ọbẹ̀ lè pàdánù oníbàárà kan. Èyí tó bá parọ́ fún un ti gba ohun tí owó kò lè dá padà. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nílé, tí ìpọnbẹ̀ kan wọ ìkòkò méjì, ìtìjú lè sọ fún ẹni tó ń dáná pé kí ó dákẹ́, pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Dídákẹ́ yẹn ló ń sọ àṣìṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó bu èèwọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un láti fi dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò, tó wá ń yọ̀ pé kò sóhun tó ṣe é. Ó ti fi ìfọkàntán ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ẹni tó ní èèwọ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a kì í jẹ, a kì í fi run imú. Ó yẹ kí ó tètè sọ ohun tí kì í jẹ, kí ó sì béèrè níbi tí àmì bá ti hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ó yẹ gbogbo àwo tí wọ́n bá gbé fún un wò bí ẹni pé olè ni àwọn olùgbàlejò rẹ̀. Yorùbá ti fún un ní ọ̀nà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: bí wọ́n bá ní kí ó wá bá wọn jẹun, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, ó lè dáhùn pé yóò gba ibi ire, kò sì sẹ́ni tí yóò kà á sí àfojúdi. Ìwádìí tó mọ níwọ̀n, òtítọ́ lẹ́nu ẹni tó ń dáná, àtúnṣe láìjáfara nígbà tí àṣìṣe bá hàn: lórí mẹ́ta yìí ni àwọn ẹ̀sìn tí òfin oúnjẹ wọn kò jọra ti pàdé, àwọn náà ló sì lè jẹ́ kí ẹni tó ní èèwọ̀ àti ẹni tí kò ní jọ jókòó nídìí tábìlì kan láìṣẹ ara wọn.