Aṣọ Ọlọ́nà Ọba Henry

Àwọn àgbà a máa wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ọba kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tán. Nígbà tí Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọdún 1547, aṣọ ọlọ́nà tí a fi ń bo ògiri àwọn ààfin rẹ̀ ju 2,000 lọ nínú ìwé tí a ka ẹrù rẹ̀ sí. Mẹ́wàá nínú wọn ń sọ ìtàn Ábúráhámù. Ìlú Brussels ni a ti fi irun àgùntàn, ṣẹ́dà àti fọ́nrán wúrà hun wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Inú àgọ́ ni Ábúráhámù gbé. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà fi í hàn bí ó ti ń ra oko Éfúrónì ní 400 ṣékélì fàdákà, kí ó lè rí ibi sin aya rẹ̀. Ìtàn àtìpó yìí ni a fi wúrà hun fún ọba tí ilé rẹ̀ ju àádọ́ta lọ! Ta ni a ń yìn níbẹ̀? Lójú tiwa, ohun tí ọba fẹ́ kí àlejò kà lára ògiri ni pé Ọlọ́run tí ó fi Ísáákì fún Ábúráhámù ni ó fi Edward fún òun ní ọdún 1537. (Ọ̀rọ̀ aya mẹ́fà tí ó fẹ́, a kò ní dá a sílẹ̀ níhìn-ín.)

Ní ọdún 1649 ni a bẹ́ Charles Kìíní lórí, a sì díyelé ẹrù rẹ̀ fún títà. Aṣọ Ábúráhámù ni ó wọ́n jùlọ: £8,260. Ṣùgbọ́n a kò tà wọ́n. Oliver Cromwell, ẹni tí ó bá ọba jagun, ni a fi wọ́n sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó kọ ọba kò kọ aṣọ ọba.

Àwọn ahunṣọ ńkọ́? Ní Brussels, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ń kọjú sí nídìí òfì. Iṣẹ́ oṣù kan kò sì fẹ̀ ju ẹní kékeré lọ. Títí a ó fi gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, wọn kò ní rí ojú rẹ̀ tán.

Àwọn aṣọ náà wà ní Hampton Court títí di òní. Ìmọ́lẹ̀ ọdún pípẹ́ ti pa àwọ̀ ojú wọn dà, fọ́nrán wúrà sì ti ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùtọ́jú yí wọn padà, wọ́n rí i pé àwọ̀ ṣì ń tàn ní ẹ̀yìn, níbi tí ahunṣọ kọjú sí.