Ta Ni Ó Mọ Èdè?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí a bá fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè bi ara rẹ̀ kí ó tó fìdí kan àga oyè náà: kí ni mo mọ̀ nípa èdè tí mo ń ṣe ìwádìí rẹ̀ tí ìyá aláta tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí kò mọ̀? Oníṣègùn mọ ewé tí aláìsàn kò mọ̀, adájọ́ sì mọ òfin tí àwọn tí ń rojọ́ níwájú rẹ̀ kò kà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yunifásítì ń sanwó oṣù fún nítorí èdè Yorùbá, ohun tí ó fi ń ṣe ìwádìí, tí ó fi ń kọ́ni, tí ó sì fi ń gba oyè, ẹnu tẹrú-tọmọ ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun kékeré kan yẹ̀ wò. Bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá fẹ́ sọ pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti kúrò nílé, yóò wí pé “wọ́n lọ”, ohùn rẹ̀ yóò sì ròkè lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá tíì kúrò, yóò wí pé “wọn kò lọ”, ohùn òkè náà yóò sì pòórá fúnra rẹ̀. Bákan náà ni a ń gbọ́ “ọmọ́ lọ” lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń di “ọmọ kò lọ” ní kété tí “kò” bá ti wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò jókòó kọ́ ọ, baba rẹ̀ kò nà án kí ó tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ohùn òkè kan ṣoṣo yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn kan ní àmì àsìkò ni, àwọn mìíràn ní ohun tí ó so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ta ni kí a wá wí pé ó mọ̀ ọ́n nínú wọn: ọmọ tí kì í ṣì í sọ tí kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀, tàbí ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ìwé lé e lórí tí àlàyé rẹ̀ kò sì tíì tán? Àwọn àgbà ti rí irú rẹ̀ rí tí wọ́n fi ní ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ẹlẹ́sìn, ìdáhùn wọn kò dọ́gba. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, Ádámù ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àwọn ẹranko lórúkọ. Nínú Àlùkùránì, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ Ádámù ní orúkọ ohun gbogbo, tí àwọn máláíkà fi gbà pé àwọn kò mọ̀ ju ohun tí a fi mọ àwọn lọ. Àwọn baba wa sì ní Ọbàtálá, Alábàáláṣẹ, ni ó ń mọ orí àti ẹnu, Olódùmarè, Atẹ́rẹrẹ-káyé, ni ó ń fi èémí sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé ní ibì kan: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní inú ìwé ni èdè ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gírámà tí ó bá bá ẹnu jà, gírámà ni yóò jẹ̀bi.

Ẹni tí ó bá wá ti ibí yìí sọ pé asán ni àga ọ̀jọ̀gbọ́n, kò rò ó jinlẹ̀ tó. Ẹ wo Kay Williamson, ọmọbìnrin ará Hereford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mu èdè Ìjọ ti Niger Delta mọ́ ọmú, ṣùgbọ́n tí ó jókòó ti àwọn tí wọ́n ni ín títí ó fi gbé ìwé gírámà Kolokuma, ẹ̀ka-èdè Ìjọ kan, jáde ní 1965. Ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó kọjá sí Port Harcourt ní 1977, iṣẹ́ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2005. Ohun tí ó kọ kò ṣàjèjì lẹ́nu àwọn ará Kolokuma. Tuntun ibẹ̀ ni pé a tò ó lẹ́sẹẹsẹ, a sì rí i pé ó ní òfin. Ní ti Yorùbá, nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, èdè Látìn àti ti Gíríìkì ní olùkọ́ níbẹ̀, èdè àwọn tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀ kò ní. Edinburgh ni Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí gírámà Yorùbá ní 1963. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, pé ó di Skọ́tílándì kí a tó dán ọmọ wò lórí ohun tí ìyá rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kì í ṣe lórí sísọ, lórí mímọ̀ pé a mọ̀ ni.

Kì í sì í ṣe yunifásítì ni ó dá irú ìmọ̀ kejì yìí sílẹ̀. Babaláwo tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ odù 256 mọ̀ pé òun mọ̀. Ó ń ya èyí tí ó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó yẹ̀, àwọn awo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti bá a wí. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, awo tí ó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ti jẹ Àwíṣẹ Àgbáyé, oyè agbẹnusọ àwọn awo, ní 1981 kí ó tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1982.

Ohun tí mo rí sí i ni pé ẹni tí ó ní láìmọ̀ pé òun ní, láìmọ̀ náà ni yóò sọ ọ́ nù. Àwọn òbí tí ń lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ wọn ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ọ̀dájú. Wọn kò mọ iye ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà ni, nítorí lójú wọn ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, kò ní òfin, kò ní ìjìnlẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí àga ni ó yẹ kí ó fi iye rẹ̀ hàn wọ́n, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè òkun, nítorí pé èyí ni a ń kà fún un nígbà tí ìgbéga bá dé. N kò dá a lẹ́bi ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lẹ́nu ènìyàn, gbèsè ni, ó sì yẹ kí àwọn tí ń gbé ọ̀jọ̀gbọ́n ga máa béèrè pé èwo nínú ìwádìí rẹ̀ ni ó ti padà sínú èdè tí ó ti mú un, lọ́nà tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi kọ́ ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá san gbèsè yìí lè níyì lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń jẹ ogún ẹnu wọn kò ní mọ̀ pé ó wà.