Oríkì Kò Lè Fọ Odò

Bí onílù bá ti ki ọmọ Ẹdẹ Màpó Àrógun, orí a wú. Kò yani lẹ́nu. Ìlú Tímì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni, ẹni tí Aláàfin rán wá ṣọ́ ọ̀nà. Ìlú Tímì Adétóyèṣe Láoyè ni, tó gorí ìtẹ́ ní 1946, ọba tó mọ dùndún lù tó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó jogún iyì jogún iṣẹ́ pẹ̀lú, iṣẹ́ títọ́jú odò wa la sì ti pa tì.

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun, ó gba Òṣogbo kọjá kó tó kàn wá. Èèwọ̀ ni àwọn baba wa fi dáàbò bò ó. Títí dòní, nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, a kì í dẹ ọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Síbẹ̀, omi tó ń ṣàn láàárín igbó náà ti di ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdọ̀tí ọjà là ń dà sí gọ́tà, òjò a sì gbá a lọ sódò. Àwọn kan ní ẹ̀sìn tuntun ló pa èèwọ̀ run. N kò gbà. Láti ayé Tímì Lágúnjú, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ọba Mùsùlùmí ti jẹ ní Ẹdẹ. Ìsìláàmù kọ̀ kí a fi omi ṣòfò, kódà níbi àlùwàlá. Bíbélì ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọgbà ni Ọlọ́run fún Ádámù. Ìtìjú ló kú, kì í ṣe ẹ̀sìn ló pa á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàárín òkè Himalaya. Ó kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ rẹ̀ ní 2008 pé igbó gbọ́dọ̀ bo ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ náà, ó kéré tán, títí láé. Aṣọ ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ sí iṣẹ́ ìjọba. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń fi àṣà yangàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ilẹ̀ tó bí àṣà náà.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ dá èèwọ̀ etí odò padà. Ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀, ẹ wàásù rẹ̀. Kí ìjọba mú àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ. Kí olúkúlùkù wa sì kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò lójú omi kó tó jó sí oríkì.