Ẹrù Ẹni Tí A Kò Fẹ́ràn

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú oṣù yìí: bí ènìyàn bá ṣe oore pẹ̀lú ọkàn tí kò fẹ́, ǹjẹ́ oore ni a ó pè é?

Àwọn Júù ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Nínú ìwé Eksodu orí 23, a pa á láṣẹ pé bí ènìyàn bá rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ tí ó ṣubú lábẹ́ ẹrù, kí ó má ṣe kọjá lọ. Àwọn olùkọ́ wọn, tí à ń pè ní rábì, wá béèrè nínú Talmud pé: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń fẹ́ kí a bá òun sọ ẹrù, tí ọ̀tá rẹ sì ń fẹ́ kí a bá òun di ẹrù lé ẹran rẹ̀, ta ni ìwọ ó kọ́kọ́ dá lóhùn? Sísọ ẹrù ni ì bá ṣáájú, nítorí ẹranko tí ń jìyà. Síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí o lè tẹ orí ọkàn ara rẹ ba. Wọn kò ní kí o dúró di ìgbà tí ìwọ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rù bá jókòó, tí ó ní iṣẹ́ tìrẹ ni, o lè bá tìrẹ lọ, àfi bí ó bá jẹ́ arúgbó tàbí aláìsàn. Nítorí a ní kí a bá a gbé e ni, a kò ní kí a gbé e fún un. Èyí dùn mọ́ mi nínú, nítorí àwọn baba wa pẹ̀lú wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò tí ì kú láàárín wọn. Ní Jerusalem ni a ti dá ẹgbẹ́ Yad Sarah sílẹ̀ ní ọdún 1976, láti máa yá àwọn aláìsàn ní ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ arọ. Àwọn tí kì í gba owó iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì béèrè bóyá Júù ni ẹni tí ó wá yá nǹkan.

Àwa ará Kosofe ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Mile 12 àti Ketu. Ẹ̀mí ṣòfò, a dáná sun ilé àti ọkọ̀, Gómìnà Ambode sì ti ọjà pa fún ọjọ́ bí mélòó kan. Ọ̀nà ibẹ̀ ni tòmátò àti àlùbọ́sà ilẹ̀ Haúsá ń gbà dé inú ìkòkò wa. Kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn tí a tún ṣí i, mo lọ ra ata. Alábàárù Haúsá kan dúró ti agbọ̀n àlùbọ́sà nílẹ̀, ó nawọ́ sí i, ó sì nawọ́ sí orí ara rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín: inú mi kò dùn sí i. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn yóò dá a lóhùn, kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀, a jọ gbé e, ó sì wúwo ju bí mo ti rò lọ. Ó ní, “Na gode,” ó sì wọ inú èrò lọ.

Ẹnìkan lè wí pé ojú ayé lásán ni mo ṣe. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, mo rí i pé ojú rẹ̀ ni mo ń wá láàárín àwọn alábàárù.