Ẹni Tí Ń Ta Ọkọ̀ Àlòkù, Ṣé Dandan Ni Kí Ó Sọ Àlébù Rẹ̀?



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò tí ì pẹ́, lẹ́yìn Mísà kejì, ọkùnrin kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wá ṣe. Ìbéèrè ni ó ní, ó sì ti gbà mí láàyè láti mú un wá síwájú yín, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù kan kí ó lè máa fi lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Apá kan owó náà jẹ́ owó àjọ, apá kejì ni ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò tí ì lo ọkọ̀ náà pé oṣù méjì tí jíà rẹ̀ fi kọṣẹ́. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹni tí ó tà á mọ̀ dájú, nítorí a ti tú jíà náà rí, a sì ti dọ́gbọ́n dì í padà kí ó lè rìn fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan wá gbà á nímọ̀ràn pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀: kí ó dọ́gbọ́n sí i, kí ó kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà titun, kí ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Fáda, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá gba owó mi padà?"

N kò tètè dá a lóhùn. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí ń gbé ní Àjùwọ́n. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a ń sùn sí, Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn nínú yín ti wà lójú ọ̀nà Akúté àti Alágbọlé, àwọn mìíràn sì ti ń gba Ìjú kọjá. Lójú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe ohun fáàrí. Òun ni ó ń gbé bàbá lọ síbi iṣẹ́, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí pé ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen, èyí tí a mọ̀ sí ìjàpá, ní Èkó. Nígbà náà, olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè ní ìrètí àtira ọkọ̀ titun. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, ọkọ̀ titun di àwòmọ́jú fún òṣìṣẹ́, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun sì gba ilẹ̀. Wọ́n ń gba Kùtọnu wọlé, títí ìjọba fi ka gbígba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé léèwọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Wọ́n sì ń gba èbúté Èkó wọlé. Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí bá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni a kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, àti pé Áfríkà ni ó gbà jù nínú wọn, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Orúkọ tí a fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kí a rò ó wò. Tòkunbọ̀ ni à ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì mú bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ ní òbí tí yóò ròyìn bí a ti bí i àti àìsàn tí ó ti ṣe é rí. Ọkọ̀ kò ní ẹnu. Ní 2017, nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas, ọkọ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ ju 100,000 lọ. Bí a bá fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a sì kùn ún, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti mu omi yó rí. Ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ni ó lè sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́jẹ́ olùtà kò fi jọ ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé ju mọ́tò lọ. Tómásì Mímọ́ ti Àkúínò, ẹni tí ó kú ní 1274, ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Summa Theologiae fún ẹ̀tàn nínú rírà àti títà. Ẹṣin ni àwọn ènìyàn ń gùn nígbà náà, nítorí náà ẹṣin ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó béèrè bóyá olùtà gbọ́dọ̀ sọ àlébù ọjà rẹ̀. Ó ní bí àlébù bá hàn sí gbogbo ojú, bí ẹṣin olójú kan, tí olùtà sì ti dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ, kò pọn dandan kí ó tún máa kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlébù bá fara pa mọ́, tí ó sì lè fa òfò tàbí ewu fún ẹni tí ó rà á, olùtà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ó ta ẹṣin arọ bí ẹni pé eré ni ó ń sá, tàbí tí ó ta ilé tí ń wó lọ bí ilé tí ó dúró gbọn-in, ó ti tan arákùnrin rẹ̀.

Ẹ wo bí èyí ti bá ọ̀rọ̀ wa mu. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá họ, olùrà rí i. Bí táyà bá ti jẹ tán, olùrà rí i. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí kì í múlẹ̀ bí ó bá gbóná, jíà tí a fi ọgbọ́n dì, ẹ́ńjìnì tí omi ti wọ̀ rí, aago máìlì tí a yí sẹ́yìn, ta ni yóò rí ìwọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí ó wá wo ọkọ̀? Ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́ ti gba owó ohun tí kò fi fún olùrà. Òfin Keje ní orúkọ fún un: olè ni. Bí ó bá sì jẹ́ bíréèkì ni, Òfin Karùn-ún pàápàá ti fẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọjà ni ọjà, pé kí olùrà la ojú rẹ̀. Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀, n óò sì padà sí i. Àwọn mìíràn á ní, "Fáda, bí mo bá sọ òtítọ́, ta ni yóò ra tèmi?" Àwọn baba wa mọ ìrora yìí dáadáa; àwọn ni wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ìdárò ni òwe náà, kì í ṣe àṣẹ. Ní 1970, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ ìwé lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù gan-an, ó sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ó fi hàn pé nígbà tí olùrà kò bá lè mọ ọkọ̀ rere yàtọ̀ sí èyí tí ó ti bàjẹ́, kò ní fẹ́ san owó ọkọ̀ rere fún èyíkéyìí. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ rere yóò wá mú tirẹ̀ kúrò lọ́jà, àwọn tí ó ti bàjẹ́ ni yóò sì kù níbẹ̀. Nítorí náà, òpùrọ́ kan kò rẹ́ olùrà kan jẹ lásán. Ó ń jí owó olóòótọ́ tí yóò tà lọ́la, ẹni tí a kò ní gbà gbọ́ mọ́.

Mo ní n óò padà sọ́dọ̀ olùrà. Ọgbọ́n kò lòdì sí ìgbàgbọ́. Má ṣe ra ọkọ̀ ní alẹ́ tàbí nínú òjò. Mú mẹkáníìkì tìrẹ àti réwáyà tìrẹ lọ, kì í ṣe èyí tí olùtà pè fún ọ. Jẹ́ kí a tan ẹ́ńjìnì náà nígbà tí ó tutù, nítorí ẹ́ńjìnì tí a ti mú gbóná dè ọ́ lè fi àléébù rẹ̀ pa mọ́. Wà á gba ojú ọ̀nà tí kò dára, irú èyí tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí o sì tẹ́tí. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀, kí o sì wo abẹ́ káápẹ́ẹ̀tì. Bí o bá rí ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà níbẹ̀, béèrè bí omi ti dé ibẹ̀. Nọ́ḿbà 17 tí a tẹ̀ sára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé rẹ̀ àti ìwé aṣọ́bodè mu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, béèrè tààrà lọ́wọ́ olùtà níwájú ẹlẹ́rìí: "Kí ni ó ń ṣe ọkọ̀ yìí?" Ẹni tí ó lè dákẹ́ kì í fi ìgbà gbogbo lè purọ́.

Ṣùgbọ́n olùrà náà lè dẹ́ṣẹ̀. Ìwé Òwe ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń bu ọjà kù lójú ẹni tí ń tà á, tí ó sì ń yangàn nígbà tí ó bá ti gbé e lọ. Bí opó kan bá ń ta ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, tí kò mọ iye rẹ̀, tí owó ilé ìwé sì ti ká a mọ́, ẹni tí ó mọ iye náà tí ó sì fi ìdajì gbà á kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi jíà pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí n kò fi tètè dá ọkùnrin náà lóhùn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ àlùfáà ọ̀dọ́, mo ta ọkọ̀ tèmi fún olùkọ́ kan. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń gbóná bí ó bá pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò béèrè, n kò sì sọ. Mo sọ fún ọkàn mi pé n kò purọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́, níbi tí kò sí ilé nítòsí. Nígbà tí ó wá bá mi, kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó kàn béèrè pé, "Fáda, ṣé ẹ mọ̀?" Mo ti ṣe ìwàásù púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tí ì gbọ́ èyí tí ó wọ̀ mí lára tó ìbéèrè yẹn. Mo dá iye tí àtúnṣe náà jẹ́ padà fún un, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù márùn-ún. Owó náà ni ó rọrùn jù nínú ohun tí mo ní láti dá padà.

Nítorí náà, mo mọ ohun tí mo ń sọ nígbà tí mo dá arákùnrin wa lóhùn. Mo ní: ẹni tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè ni ẹni tí ó tà á fún ọ. Lọ bá a, mú ẹlẹ́rìí dání. Bí ó bá kọ̀, òfin wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀. Bí o bá gba owó rẹ lára rẹ̀, kì í ṣe pé o gba owó rẹ padà. O ti di ẹni tí ó ṣe ọ́ níbi. Tómásì Mímọ́ tilẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tí kò mọ àlébù ọjà rẹ̀ nígbà tí ó tà á kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá mọ̀, ó di dandan kí ó san òfò náà fún olùrà. Mélòó mélòó ni ìwọ tí o ti mọ̀ ṣáájú.

Ẹni tí ó tà á fún un kò gbé fóònù mọ́. Arákùnrin wa ta ọkọ̀ náà fún mẹkáníìkì kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, iye tí ó gbà kò sì tó ìdajì owó tí ó fi rà á. N kò ní sọ fún yín pé Ọlọ́run fi ìlọ́po méjì san án fún un lọ́sẹ̀ kejì. Ó ṣì ń san gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kòròpẹ́ ni ó sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé yìí tí ó lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè náà kí olùrà tó bi yín. Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀.